Bí a ṣe lè yan ètò ìṣiṣẹ́ tí yóò jí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí RAM rẹ̀ kéré dìde

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó yẹ kí ènìyàn bọ́ sí kò sì gba gbogbo ẹ̀rọ láyè: ó ń béèrè RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) GB 4 ó kéré tán, ó ń béèrè ààyè GB 64 lórí dísìkì, ó tún ń béèrè ohun ààbò inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tí kò sí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a rà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní àdúgbò wa. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó ṣì ń tàn, tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ kò fọ́, ni a ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé ó ń fà bí ìgbín. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ kan wà nínú ilé yẹn gan-an tí ó ń fi fóònù olójú kékeré ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní RAM GB 4 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ yan ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn, ìyẹn OS (irú ohun tí Windows jẹ́), tí ẹ̀rọ náà yóò lè gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ: wọ́n á béèrè pé OS wo ló yá jù. Ìbéèrè tí ó yẹ kó ṣáájú ni pé, RAM mélòó ló wà nínú ẹ̀rọ yìí, kí sì ni a fẹ́ fi ṣe? Bí ẹ bá ti dáhùn méjèèjì, orúkọ OS tí yóò kù láti yàn kò ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ yín

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ sínú ìwé: ìwọ̀n RAM, irú prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, tí ó wà nínú rẹ̀ (bóyá bíìtì 32 ni tàbí bíìtì 64, ìyẹn ìwọ̀n ìsọfúnni tí ó lè bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan), àti irú dísìkì tí ó ní. Bí Windows 10 bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí System, kí ẹ sì tẹ About. Ẹ ó rí ìlà tí wọ́n kọ Installed RAM sí, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n kọ System type sí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ ka ìlà System type yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun méjì ló wà lórí ìlà kan náà: irú Windows tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, àti irú prósẹ́sọ̀ tí ẹ̀rọ ní. Ó ṣeé ṣe kí Windows jẹ́ ti bíìtì 32 kí prósẹ́sọ̀ sì jẹ́ ti bíìtì 64, torí pé ẹni tó tà á tàbí ẹni tó tún un ṣe ló kàn fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Ti prósẹ́sọ̀ ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá rí x64 níbẹ̀, bíìtì 64 ni. Bí Windows kò bá ṣí mọ́, ẹ wo sítíkà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbé ọwọ́ lé. Gbogbo Intel Core 2 Duo àti gbogbo Core i3, i5 àti i7 jẹ́ bíìtì 64, ṣùgbọ́n Core Duo tí kò ní nọ́ńbà 2 láàárín jẹ́ bíìtì 32. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kékeré tó gbòde láàárín ọdún 2008 sí 2011, Atom N270 àti N280 jẹ́ bíìtì 32, nígbà tí N450 jẹ́ bíìtì 64. Nítorí náà, HP Mini 110 tí Atom N270 wà nínú rẹ̀ àti Dell Latitude E6400 tí Core 2 Duo wà nínú rẹ̀ lè jọ jẹ́ arúgbó, síbẹ̀ ọ̀nà wọn yàtọ̀ gan-an, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ní ti dísìkì, ẹ tan ẹ̀rọ náà níbi tí ariwo kò sí, kí ẹ sì gbé etí sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohun kan tí ń yí, tí ó sì ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹ bá ṣí fáìlì, háàdì dísìkì àtijọ́ ni. Bí ó bá dákẹ́ rọ́rọ́, ó lè jẹ́ SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tí ń yí nínú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ó ń jẹ RAM

Ẹ fi ojú inú wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. RAM ni tábìlì tí télọ̀ ń gé aṣọ lórí rẹ̀, dísìkì sì ni àpótí tí ó ń kó aṣọ sí. Bí tábìlì bá fẹ̀, ó lè tẹ́ aṣọ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí tábìlì bá kéré, yóò ní láti ká èyí tó wà lórí rẹ̀, yóò gbé e padà sínú àpótí kí ó tó lè tẹ́ òmíràn, yóò sì tún dìde lọ mú ti àkọ́kọ́ wá. Lílọ bíbọ̀ yìí ni ẹ̀ ń rí nígbà tí iná kékeré ara láptọ́ọ̀pù bá ń ṣẹ́jú láìdúró, tí ọfà orí síkírìnnì kò sì kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ náà kò kú o. Ó ń kó ẹrù láti orí tábìlì lọ sínú àpótí ni.

Windows 10 nìkan, kí ènìyàn tó ṣí ohunkóhun, máa ń gba nǹkan bíi GB 1.5 sí GB 2 lórí àwọn ẹ̀rọ tí mo ti wò. Lórí ẹ̀rọ tí ó ní GB 2, kò sí ibi tí iṣẹ́ yóò jókòó sí mọ́. OS tó fúyẹ́ lè gba MB 200 sí MB 600 péré, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún yín.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan tí àwọn tó ń polówó OS fífúyẹ́ kì í sábà sọ. Kò sí OS tí ó lè mú ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì fúyẹ́. Facebook tàbí YouTube tí ẹ ṣí nínú bíráúsà wúwo bákan náà lórí OS gbogbo, ojú ìwé kan ṣoṣo sì lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ lẹ́tà kíkọ, ìwé kíkà, ìṣirò owó ọjà àti fíìmù tó ti wà lórí dísìkì, GB 1 tó. Bí ó bá jẹ́ bíráúsà tí ojú ìwé mẹ́ta sí mẹ́rin ṣí nínú rẹ̀, GB 2 ni ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé Zoom tàbí ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wá GB 4. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n RAM tí ẹ ti kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan OS

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ dárúkọ ló wá láti inú ìdílé Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helsinki ní ọdún 1991 nígbà tí ó ṣì wà ní yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, kò sì sí èyí tí ó ń béèrè kọ́ọ̀dù tí ènìyàn máa jí. Ohun kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé Linux kan náà lè wọ aṣọ tó yàtọ̀ síra. Aṣọ yẹn ni ojú tí ẹ ó máa rí: bọ́tìnnì, fèrèsé àti àwọn àwòrán kéékèèké tí à ń tẹ̀. GNOME jẹ́ agbádá ńlá, ó lẹ́wà, ó sì wúwo. Xfce fúyẹ́ jù ú lọ, LXQt tún fúyẹ́ ju Xfce lọ, IceWM àti Fluxbox sì dà bí aṣọ iṣẹ́ lásán. Ẹni tí ó fi Linux tó wọ GNOME sórí ẹ̀rọ GB 2, tí ó wá ń sọ pé Linux kò yá, kò tíì dán Linux wò. Agbádá ló gbé wọ ẹni tí kò lè rìn.

Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ GB 1 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀. antiX ni mo máa ń yàn. Orí Debian, ọ̀kan lára ìdílé Linux, ni wọ́n kọ́ ọ lé, IceWM ni aṣọ rẹ̀, ó sì ní ẹ̀dà ti bíìtì 32 àti ti bíìtì 64. Kò fani mọ́ra lójú, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n mo ti rí i kí ó dúró ní nǹkan bíi MB 200 lẹ́yìn tí ó bá tàn tán. Èkejì ni Puppy Linux, tí Barry Kauler bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní ọdún 2003. Puppy máa ń kó gbogbo ara rẹ̀ sínú RAM, ó sì lè máa ti orí fláàṣì ṣiṣẹ́, nítorí náà òun ni ẹ̀rọ tí dísìkì rẹ̀ ti kú pátápátá nílò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ láìsí ìdíwọ́, èmi kò sì ní fi ṣe iṣẹ́ báńkì.

Ẹ̀rọ GB 2 tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 64. Ibí ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wà, ibí sì ni yíyàn ti ṣe pàtàkì jù. Lubuntu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ, ó sì dára: LXQt ni aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi máa ń yan Debian tó wọ LXQt dípò rẹ̀, ìdí kan pàtó ló sì fà á. Nínú ìdílé Ubuntu, inú àpò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní snap ni wọ́n ń di Firefox sí, àpò yìí sì máa ń pẹ́ kí ó tó tú bí dísìkì bá jẹ́ ti àtijọ́. Ti Debian kò ní àpò yẹn. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ń dẹ́rù ba ènìyàn nínú Debian ni pé Wi-Fi kì í sábà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá fi í sí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n láti Debian 12 tí ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti ń kó àwọn fáìlì tí Wi-Fi nílò mọ́ ọn, wàhálà náà sì ti dín kù gan-an. MX Linux tó wọ Fluxbox tún jẹ́ àyànfẹ́ rere fún ẹni tí kò fẹ́ kí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ GB 4. Linux Mint tó wọ Xfce. Àwọn tó ṣe é sọ pé GB 2 ni ó kéré jù, wọ́n sì dámọ̀ràn GB 4. Mẹ́nù rẹ̀ wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì gẹ́gẹ́ bíi ti Windows àtijọ́, nítorí náà bàbá tàbí ìyá àgbà tí Windows 7 ti mọ́ lára kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ibi tí nǹkan wà. Bí ó bá jẹ́ pé inú bíráúsà nìkan ni gbogbo iṣẹ́ yín wà, ẹ lè wo ChromeOS Flex ti Google, tí òun náà ń béèrè GB 4 àti bíìtì 64. Ẹ mọ̀ ṣá o pé kò ní Play Store, àti pé láìsí dátà, ohun tí ẹ lè fi ṣe kò pọ̀. Ní ilé tí dátà ti ń tán kí oṣù tó parí, èmi kò ní yàn án.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn jẹ́ bíìtì 32, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti náwó. Ọ̀nà ti ń há mọ́ wọn. Google ti dáwọ́ Chrome fún Linux bíìtì 32 dúró láti ọdún 2016. Debian 13 tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 kò ní ohun tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ bíìtì 32 mọ́. Firefox 144 ni ó kẹ́yìn tí Mozilla ṣe fún wọn, ẹ̀dà ESR 140 (irú èyí tí wọ́n máa ń tọ́jú pẹ́) nìkan ni wọ́n sì sọ pé àwọn yóò máa tọ́jú títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026 ó kéré tán. Debian 12 ṣì wà fún wọn, ìtọ́jú rẹ̀ sì ń lọ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2028. Nítorí náà, ẹ fi HP Mini yín kọ ìwé, ẹ fi ka PDF, ẹ fi gbọ́ orin, ẹ fún ọmọ kó fi kọ́ títẹ̀wé. Ẹ má náwó SSD lé e lórí, ẹ má sì fi ṣe iṣẹ́ owó.

Mo tún ń rí àwọn tí ń gba Windows tí ẹnìkan tí a kò mọ̀ ti gé kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sọ pé ó ti fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ohun tí ẹni náà gé, ẹ kò sì lè mọ ohun tí ó fi kún un, inú rẹ̀ sì ni ẹ ó ti máa tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí owó díẹ̀ bá wà, ẹ ná an síbi tí ó yẹ

Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ bíìtì 64 tí ó sì ń lo háàdì dísìkì tí ń yí, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ronú ohunkóhun mìíràn. SSD oníwọ̀n íǹṣì 2.5 tí ó ń lo SATA (irú ojú ìsopọ̀ dísìkì) yóò wọ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 2008, èyí tí ó kéré pàápàá, bíi GB 120, sì ti tó. Ìdí rẹ̀ wà nínú àpẹẹrẹ télọ̀ wa: bí tábìlì bá kéré, tí lílọ bíbọ̀ sídìí àpótí kò sì ṣeé yẹra fún, ẹ gbé àpótí sún mọ́ tábìlì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbé láptọ́ọ̀pù GB 2 kan wá bá mi. Ẹni tó tún un ṣe fún un ti fi Windows 10 tí wọ́n jí kọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i. Mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná, mo lọ pọn omi, mo sì padà dé bá òbírípo kékeré yẹn lórí síkírìnnì tí ó ṣì ń yí. Èmi àti ọmọ náà dá láptọ́ọ̀pù náà dojú bolẹ̀, a tú èèkàn ìdè méjì tí ó di ìdérí háàdì dísìkì mú, a fi ọwọ́ fà á jáde tìṣọ́ratìṣọ́ra, a ti SSD bọ ibẹ̀, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Debian tó wọ LXQt ni a fi sí i. Kí a tó ka ọgbọ̀n tán, ojú iṣẹ́ ti ṣí. RAM rẹ̀ kò kúrò ní GB 2 títí di òní.

Ní ti RAM fúnra rẹ̀, ẹ má rà á kí ẹ tó yọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ wò. DDR2, DDR3 àti DDR4, tí wọ́n jẹ́ oríṣi RAM, kò lè wọ ihò ara wọn. Láàárín DDR3, ẹ wá lẹ́tà L: DDR3L ń lo iná fóòtì 1.35, DDR3 lásán sì ń lo fóòtì 1.5. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún DDR3L nìkan kò ní gba DDR3 lásán, ṣùgbọ́n DDR3L lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ DDR3 nítorí ó lè gba iná méjèèjì. Nítorí náà, bí ó bá rú yín lójú, DDR3L ni kí ẹ mú. Ẹ mú èyí tí ẹ yọ dání lọ sí ọjà, kí ẹ fi wé tuntun lójú ẹni tó ń tà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kó ẹrù yín jáde, kí ẹ sì ṣe fláàṣì

Ẹ kó àwòrán, ìwé àti gbogbo fáìlì yín sórí dísìkì ìta tàbí fláàṣì mìíràn, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí ẹ̀rọ mìíràn láti rí i dájú pé wọ́n ṣí. Ẹ má gbójú lé pé ẹ ti kó o.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba fáìlì OS sílẹ̀ láti ojú òpó àwọn tó ṣe é gan-an. Fáìlì náà wúwo. Ti Linux Mint tó nǹkan bíi GB 3, nítorí náà ẹ lo dátà òru bí ẹ bá ní in. Bí ó bá wọlé tán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, pàápàá bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já nígbà tí ó ń wọlé. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí) nínú fódà tí fáìlì náà wà, kí ẹ kọ:

certutil -hashfile orúkọ-fáìlì.iso SHA256

Yóò mú ìlà gígùn kan jáde tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ sí ojú òpó náà. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì náà kò pé, ẹ tún un gbà.

Ẹ wá fláàṣì GB 8 tí kò sí ohun tí ẹ nílò lórí rẹ̀, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Rufus lórí Windows tàbí balenaEtcher ni ẹ ó fi kọ OS sórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán OS mẹ́ta wò lórí fláàṣì kan, Ventoy ni kí ẹ lò: ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó fi í sí fláàṣì, lẹ́yìn náà ẹ ó kàn máa da fáìlì ISO, ìyẹn fáìlì OS tí ẹ gbà, sínú rẹ̀ bí ẹni ń da orin sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò kí ẹ tó fi sí ẹ̀rọ

Ẹ ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ẹ tan án, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tí ń ṣí mẹ́nù ìtanná léraléra. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí HP, Esc tàbí F9. Lórí Asus, Esc. Ti Acer jẹ́ F12, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ dandan kí ẹ kọ́kọ́ wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ inú ẹ̀rọ) pẹ̀lú F2 láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ yan fláàṣì yín.

OS yóò ṣí láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan dísìkì. Ẹ má kánjú níbí. Ẹ so Wi-Fi, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ síkírìnnì kù kí ẹ sì fi kún un, ẹ pa ìdérí dé kí ẹ tún ṣí i láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yóò jí. Wi-Fi tí ilé-iṣẹ́ Broadcom ṣe ni ó máa ń fa wàhálà jù. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lórí Debian, ẹ dán MX Linux tàbí Mint wò kí ẹ tó sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Bí bíráúsà bá ń kọ̀ láti ṣí ojú òpó èyíkéyìí, tí ó ń sọ pé kò sí ààbò, ẹ wo ọjọ́ àti ọdún tí ẹ̀rọ ń kà. Nínú láptọ́ọ̀pù tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré bíi kọ́ìnì tí ń tọ́jú aago máa ń kú, ẹ̀rọ yóò sì padà sí ọdún tí kò tíì sí ẹni tó mọ ojú òpó náà. Ẹ tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì náà nígbà tí ẹ bá ráyè. CR2032 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ṣí Terminal (fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí lórí Linux) kí ẹ kọ free -h. Yóò to nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ má wo èyí tí wọ́n kọ free sí, nítorí Linux máa ń fi RAM tí kò sí ẹni tó ń lò ó tọ́jú fáìlì fúngbà díẹ̀, yóò sì dà bíi pé ó ti tán. Available ni kí ẹ wò: òun ni ó ń sọ iye tí bíráúsà yín lè rí lò. Ẹ ṣí bíráúsà, ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ máa ń lò jù, kí ẹ tún un kọ. Bí available bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo pẹ̀lú ojú ìwé méjì, ẹ yan OS tó tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé ṣíṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì máa ń gba RAM díẹ̀ kún un, nítorí náà yóò sàn díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá fi sí dísìkì.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi sí ẹ̀rọ

Ẹ ki ṣájà bọ iná. Bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ṣeé gbára lé, bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró de ìgbà tí iná bá dúró tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ Windows mọ́, ẹ yan kí ó pa gbogbo dísìkì rẹ́. Mi ò gba ẹni tí dísìkì rẹ̀ kéré nímọ̀ràn láti fi OS méjì sí i. Ní ti Debian, ibi kan wà tí yóò ti béèrè irú aṣọ tí ẹ fẹ́: ẹ yọ àmì kúrò níwájú GNOME, kí ẹ sì fi àmì sí LXQt.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun tí ẹ ó ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ kọ́kọ́ fi zram sí i. Zram máa ń tẹ ohun tó wà nínú RAM pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ká aṣọ dáadáa kí púpọ̀ lè gba orí tábìlì kan. Lórí Debian, ẹ kọ:

sudo apt install zram-tools

Ẹ ṣí fáìlì /etc/default/zramswap, ẹ jẹ́ kí ìlà kan kà báyìí pé ALGO=zstd, kí òmíràn sì kà pé PERCENT=50. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn. Lórí ẹ̀rọ GB 2, ẹ ó rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí bíráúsà bá ṣí.

Nínú Firefox, ẹ fi uBlock Origin sí i. Ìpolówó tí kò bá ṣí kò ní jẹ RAM, kò sì ní jẹ dátà. LibreOffice yóò ṣí ìwé Word yín, ṣùgbọ́n àwọn ìlà lè yẹ̀ kúrò níbi tí ẹ tò wọ́n sí, nítorí náà ìwé tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tàbí olùkọ́, PDF ni kí ẹ sọ ọ́ dà kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ó múnú mi dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: Linux ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú, kò sí ohun tí ẹ máa rà. Ẹ kọ ọ́ sínú Terminal báyìí:

setxkbmap ng -variant yoruba

Ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ tẹ̀ láìsí pé ẹ ń wá wọn kiri. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ setxkbmap us. Ẹ lè rí i nínú àwọn ètò kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú, lábẹ́ Nigeria, kí ó lè dúró títí. Bí àmì ohùn bá ń sá kúrò lórí lẹ́tà, tí ó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi fonts-noto-core sí i, kí ẹ sì lo Noto Sans. Ìyẹn máa ń gbé ọ̀ àti ẹ́ síbi tó yẹ wọ́n. Ọmọ tí ó ń kọ àròkọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti fẹ́ gbé jù nù yóò lè fi àmì sí i bó ṣe yẹ.

Ẹ lo ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹ tún kọ free -h lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ má pa ohun tó wà lórí fláàṣì rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ orúkọ OS àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò láptọ́ọ̀pù. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tàn lọ́jọ́ kan, òun ni ẹ ó fi wọlé lọ kó fáìlì yín jáde.